Ọba Mẹ́ta àti Igi Etí Odò

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ààlọ́ o!
—Ààlọ̀!
Àlọ́ mi dá lórí Alákàn etí odò àti ọba mẹ́ta.

Nílùú ẹranko, ẹni tó bá jọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa ohun tí ọba àná gbìn tu, kí ará ìlú lè mọ̀ pé òun ló dé. Ẹfọ̀n jọba, ó ní kí wọ́n gbin igi sétí odò kí omi má baà gbẹ, igi gbígbẹ nìkan ni kí wọ́n sì máa fi dáná. Igi náà ò tíì yọ ewé mẹ́ta tí Ẹfọ̀n fi wàjà. Ìmàdò gorí oyè, ó fa gbogbo rẹ̀ tu, ó ní kí wọ́n gé igbó sun èédú. Ìgbà tí odò kù sí kókósẹ̀ ló tó gbin tirẹ̀, òun náà sì wàjà.

Ó kan Àgbọ̀nrín. Ó di igi àkọ́kọ́ mú, ó fẹ́ fà á tu, kó lè gbin irú igi kan náà síbẹ̀. Ni Alákàn bá yọ látinú ẹrẹ̀, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Kábíyèsí, dáwọ́ dúró
—Jẹ́ ó dàgbà
Ọba ń lọ, ọba ń bọ̀
—Jẹ́ ó dàgbà

Àgbọ̀nrín ní, "Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

"Kábíyèsí, ọba mẹ́ta ni ojú mi ti rí létí odò yìí. N kò tíì rí igi kan tó ṣíji bò mí."

Àgbọ̀nrín wo Alákàn, tí gbogbo ara rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó tẹ yẹ̀pẹ̀ padà sídìí igi náà.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi gúnlẹ̀ sí. Ẹ̀yin ọmọ, igi ò mọ ẹni tó wà lórí oyè. Ọdún ló mọ̀.