Irun Ìyá Òkun àti Eyín Náfá

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin tí ẹ ń wò mí bí ẹni pé irọ́ ni mo fẹ́ pa. Èmi ni Ọdẹ́jọbí, ọmọ Ọdẹ́yalé tó fi ẹfọ̀n ṣe ìrọ̀rí, ọmọ-ọmọ ẹni tí ẹkùn rí tó ní òun ti jẹun.

Mo wọ Igbó Àìlópin, mo kọjá lára iwin tó gbé orí rẹ̀ kejì sápò, lára egbére tí ń sunkún, lára ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ kìkì àgbọ̀n, n kò sì bẹ̀rù, àfi ìgbà tí igi tán, tí ilẹ̀ funfun báláú, tí òtútù mú mi débi pé n kò mọ̀ mọ́ bóyá ìka ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Àwọn Ínúìtì, ará ilẹ̀ yìnyín, ló ń gbé ibẹ̀. Kílákì, ọdẹ bíi tèmi, gbà mí sílé. Erìgì Náfá ìyàwó rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, eyín rẹ̀ sì ń mì. Àìjẹ ewébẹ̀ ló fà á, nítorí ewébẹ̀ kì í hù nínú yìnyín. Awọ nawáálì tí wọ́n ń jẹ ní tútù ni oògùn àìsàn yẹn. Nawáálì ni ẹran omi tí eyín kan ṣoṣo la ètè rẹ̀ jáde, tó lọ́ bí okùn, tó gùn ju èèyàn lọ. Tí òkun bá dì kí wọ́n tó pa ọ̀kan, Náfá kò ní rí òpin òtútù náà.

A wọ ọkọ̀ awọ. Nawáálì kan yọ. Mo gbé ìbọn sójú, Kílákì di ẹnu ìbọn náà mú, ó bi mí pé tí mo bá yìn ín, ibo ni ẹran náà máa ṣubú sí. Mo ní ilẹ̀ ni, níbi tí ẹran ń ṣubú sí. Ó wo omi, ó wò mí. Ọ̀kọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń jù níbẹ̀, èyí tí wọ́n so mọ́ àpò awọ tó kún fún afẹ́fẹ́, kí ẹran má bàa rì.

Kó tó jù ú, Ìyá Òkun, tó ni gbogbo ẹran omi, fa nawáálì náà wọ ìsàlẹ̀ omi, òun fúnra rẹ̀ sì yọrí síta, irun rẹ̀ ta kókó.

“Ọdẹ inú igi, kí lo wá wá?”

“Ẹran ni, ìyá. Ta ló dirun fún yín gbẹ̀yìn?”

“N kò ní ìka tí mo lè fi dì í.”

“Èmi náà kò mọ̀ bóyá mo ní.”

Kílákì ní bí irun rẹ̀ bá ti ta kókó báyìí, kì í tú ẹran sílẹ̀, àfi kí ẹnìkan yà á fún un. Mo bá yà á, mo dì í ní ṣùkú. Ṣùkú náà wọ́. Síbẹ̀, Ìyá Òkun tú nawáálì sílẹ̀, ọ̀kọ̀ Kílákì bà á, àpò léfòó. Gbogbo abúlé pín in, ti Náfá ló ṣáájú.

Ẹ̀yin ọdẹ, tí ẹ bá dé igbó onígbó, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bí wọ́n ṣe ń pa ẹran níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀, Náfá fi eyín ara rẹ̀ tí kò mì mọ́ rún awọ títí ó fi rọ̀, ó sì fi rán bàtà fún mi. Òun ló wà lẹ́sẹ̀ mi yìí.