Ìdọ̀bálẹ̀ Rabten Lórí Adágún Yìnyín

Ní orí àwọn òkè gíga Tìbẹ́ẹ̀tì, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́ débi pé àlejò kì í rìn jìnnà kó tó máa mí hẹlẹ, darandaran kan wà tó ń jẹ́ Rabten. Ó ní yáàkì rẹpẹtẹ, ìyẹn màlúù onírun gbọọrọ tí òtútù kì í rí gbé ṣe, àwọn ará àgọ́ rẹ̀ sì máa ń gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. Ohun kan ṣoṣo ni Rabten kì í ṣe: kì í dọ̀bálẹ̀. Ní ilẹ̀ wọn, tọkùnrin tobìnrin ní í na gbọọrọ níwájú ohun mímọ́, ṣùgbọ́n Rabten a kàn tẹ orí ba díẹ̀, a sì yíjú kúrò.

Ó nídìí. Nígbà tó wà ní kékeré, ó rí bàbá rẹ̀ tó na gbalaja sínú ẹrẹ̀ níwájú baálẹ̀ kan, tó ń bẹ̀ ẹ́ kó má gba pápá ìjẹko àwọn. Baálẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó sì gba pápá ọ̀hún. Ọjọ́ náà ni Rabten búra pé àyà òun kò ní kanlẹ̀ nítorí ẹnikẹ́ni.

Norzin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, yàtọ̀ sí i. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bọ́ lọ́wọ́ ikú lórí ìkúnlẹ̀, Norzin jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé òun yóò máa dọ̀bálẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà àgọ́ òun títí dé tẹ́ḿpìlì ńlá tó wà ní òdìkejì àwọn òkè. Ó so awọ mọ́ àyà, ó ki ọwọ́ bọ pákó pẹlẹbẹ. A na gbọọrọ, a dìde, a gbé ẹsẹ̀ díẹ̀, a tún na gbọọrọ. Rabten kò lè jẹ́ kó dá lọ. Òun ló ń da yáàkì tó ru àgọ́ àti oúnjẹ wọn, ṣùgbọ́n bí àwọn oníṣòwò bá gun ẹṣin kọjá, ojú a tì í, a sì sáré síwájú bí ẹni tí kò mọ obìnrin tó wà nílẹ̀ yẹn rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí níjọ́ kan, bí wọ́n ti ń mu tíì oníbọ́tà, "ẹ ti dọ̀bálẹ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí n gbé yín gun yáàkì. Ta ni yóò mọ̀?"

"Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ ńkọ́?" Norzin fèsì. "Mi ò ní kí o bá mi dọ̀bálẹ̀, àbúrò mi. Ṣáà jẹ́ kí n ṣe tèmi."

Wọ́n dé etí adágún ńlá kan tí òtútù ti sọ di yìnyín. Ìgbà òtútù ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, yìnyín sì ti ń fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n Rabten rò pé bí àwọn bá là á kọjá, ìrìn yóò dín kù. Yáàkì dé bèbè, ó fẹsẹ̀ tilẹ̀, kò lọ. Inú bí Rabten. Ó ní òun fúnra òun yóò lọ dán an wò.

Kò tíì rìn jìnnà tí yìnyín fi dún gbàà lábẹ́ rẹ̀, tó ń sán yí i ká bí òwú aláǹtakùn. Omi rú sókè, ó bo bàtà rẹ̀. Rabten dúró gbagidi.

"Dọ̀bálẹ̀!" Norzin kígbe láti bèbè. "Rabten, dọ̀bálẹ̀!"

Ó mọ̀ pé ẹni tó bá na gbọọrọ lórí yìnyín kì í tètè rì, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kọ̀. Bàbá rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ló ń rí. Yìnyín tún dún.

"Kì í ṣe baálẹ̀ ló wà níwájú rẹ!" Norzin tún kígbe. "Èmi ni! Ọmọ ìyá rẹ ni!"

Rabten na gbalaja. Ó fi àyà wọ́, ó fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́. Norzin náà ti dùbúlẹ̀ sórí yìnyín, ó na ọ̀já ìdí rẹ̀ sí i. Rabten dì í mú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń fà á títí wọ́n fi dé orí òkúta.

Norzin fi aṣọ onírun bò ó, ó sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Dìde, kí n wò ọ́."

Rabten dìde. Norzin dúró tì í, orí rẹ̀ kò kọjá èjìká àbúrò rẹ̀.

"O dọ̀bálẹ̀, síbẹ̀ o ò mà kúrú sí i," ó ní.

Rabten bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí àwọn oníṣòwò tún kọjá, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó na gbọọrọ sílẹ̀ ni wọ́n bá a, ó ń kí wọn tọ̀yàyàtọ̀yàyà.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà orí òkè náà fi ń pa á lówe pé: ẹni tó dọ̀bálẹ̀, bó bá dìde, gíga rẹ̀ kì í dín.