Ọrùn Olórí Ẹ̀ṣọ́ Odò

Odò kan ṣoṣo ni wọ́n ń pọn ní ìlú Ìdóṣàn, Òmìrìn lorúkọ rẹ̀. Nítorí pé odò kò lẹ́nu tí yóò fi gbèjà ara rẹ̀, ààfin yan àwọn ẹ̀ṣọ́ odò láti máa bójú tó o. Lámọdi ni olórí wọn, ọkùnrin tó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ ju iṣẹ́ẹ́ ṣe lọ. Láràárọ̀, á dé etí odò, á fi ọ̀pá kan omi, á ní ó mọ́, á sì padà sílé lọ jẹun. Ìlú gbà á gbọ́. Ìgbàgbọ́ ṣáà rọrùn ju kí èèyàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gòkè odò lọ wò.

Nígbà tó yá, àwọn aláró kó ìkòkò wọn lọ sí òkè odò. Omi eérú tí wọ́n fi ń pò aró, tó ń ta bí ata, ni wọ́n ń dà nù lẹ́yìn iṣẹ́, inú Òmìrìn ló sì ń ṣàn sí. Aṣọ tí wọ́n bá fọ̀ níbẹ̀ ń ya bí ewé gbígbẹ, ara ń yún onílé, ó ń yún àlejò. Wọ́n bi Lámọdi ìdí tí omi fi pa àwọ̀ dà. Ó ní ojú ọ̀run ló ń hàn nínú rẹ̀. Ní ti ara yíyún, ó ní kí wọ́n máa wẹ̀ dáadáa. Wọ́n sì tún lọ fi omi kan náà wẹ̀! Wọn kò mọ̀ pé olórí aláró ti fi agbádá tuntun ta Lámọdi lọ́rẹ.

Obìnrin kan, Àwẹ̀ró, ni kò gbà. Egbò ti yí ọrùn ọmọ ọwọ́ rẹ̀, Àìná, ká, ọmọ náà kò sì lè sùn mọ́. Àwẹ̀ró gòkè odò, ó fojú ara rẹ̀ rí ibi tí omi aró ti ń wọlé. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ ní ààfin ló mọ̀ ọ́n. Ó sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kó má dárúkọ àwọn. Ó bá pọn Àìná, ó kọrí sí ààfin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó jókòó síbẹ̀, kò sì dìde títí ọba fi pe Lámọdi àti gbogbo ìlú jọ.

Lámọdi dé tòun ti agbádá tó ń dán. Bó ti rí i pé ojú ìlú le, ó yí ohùn padà.

"Kábíyèsí, omi mọ́. Ṣùgbọ́n nítorí aṣọ tó ya, èmi Lámọdi yóò dáṣọ fún ilé kọ̀ọ̀kan kí oṣù tó lé."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń ro irú èyí tí wọ́n máa rán. Àwẹ̀ró kò pàtẹ́wọ́.

"Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ bí a ti ń ṣe é nílùú yìí."

Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá ṣèlérí níwájú ọba gbọ́dọ̀ bọ́ agbádá, kó tẹ́ ẹ sílẹ̀, kó sì dọ̀bálẹ̀ lórí rẹ̀. Lámọdi ní òtútù ń mú òun. Ọ̀sán gangan ni o.

"Ìyàwó, ṣé o kò gbà mí gbọ́ ni?"

"Mo ti gbà yín gbọ́ rí, Bàbá. Ọrùn ọmọ mi ni mo fi gbà yín gbọ́."

Ọba ní kó bọ́ ọ. Agbádá kúrò. Ọrùn bùbá tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti ya tán, fọ́nrán òwú ló kù, egbò sì yí ọrùn Lámọdi fúnra rẹ̀ ká bíi ti Àìná. Ó ti parọ́ fún gbogbo ìlú tán, ó wá gbàgbé láti sọ òótọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Inú Òmìrìn ni obìnrin náà ti ń fọ aṣọ ọkọ rẹ̀.

Àrúgbó kan ní, "Ẹni yìí ló fẹ́ dáṣọ fún wa?"

Ẹ̀rín sọ. Àwẹ̀ró kò bá wọn rín in. Ó ní ẹ̀rín kì í fọ odò. Òun ló ṣáájú wọn gòkè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọn kò sì sọ̀ kalẹ̀ títí ìkòkò aró tó kẹ́yìn fi kúrò létí omi. Láti ìgbà náà, kí wọ́n tó yan ẹ̀ṣọ́ odò, àwọn obìnrin á kọ́kọ́ yẹ ọrùn rẹ̀ wò.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí àgbà ń sọ pé ẹni tó ní òun ó dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò, ọrùn Lámọdi ni wọ́n ń wò.