Máńgòrò Tó Gbẹ Lójú

Ọkùnrin kan ń bẹ nílùú tí máńgòrò ti pọ̀ débi pé ewúrẹ́ pàápàá á rí i nílẹ̀, á fò ó kọjá. Ẹ má tíì máa wo aago, ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni.

Èyí tó ń jẹrà lábẹ́ igi nílùú yẹn ju èyí tí wọ́n ń jẹ lọ. Ọkùnrin yìí àti ìyàwó ẹ̀ wá ń gé máńgòrò ní pẹlẹbẹ, wọ́n ń tò ó sórí àwọ̀n nínú ilé kan tí wọ́n fi ọ̀rá bò, kí oòrùn lè wọlé, kí eṣinṣin má lè wọlé. Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run! Agbọ̀n ńlá á wọlé, ohun tó máa jáde ò ju ẹ̀kún fìlà lọ. Omi á lọ, adùn á dúró. Ẹni tí ò rí igi máńgòrò rí láyé ẹ̀, tó ń gbé níbi tí omi ti ń dì lójú títì, á ya ọ̀rá kékeré kan, òórùn oko wa á sì gba ilé ẹ̀ kan. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ò tíì wọ bàálù rí. Máńgòrò ti lọ.

Ohun kan wà tí ọkùnrin yìí kì í fi ṣeré. Tí máńgòrò bá gbẹ, á bù díẹ̀ sínú ìgò ọlọ́mọrí, á dé e pa, á gbé e sójú oòrùn. Tí inú ìgò bá làágùn, omi ṣì wà nínú máńgòrò nìyẹn, gbogbo ẹ̀ á padà sórí àwọ̀n. Tí ìgò ò bá làágùn, wọ́n á dì í.

Lọ́dún kan, ẹni tó ń rajà lọ́wọ́ ẹ̀ lókè òkun ránṣẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ti fẹ́ ṣí. Tí ẹrù yìí bá dáa, ọ̀dọ̀ ẹ̀ lòun á máa rà á lọ. Tí ò bá dáa, ó parí. Máńgòrò gbogbo àdúgbò ló sì wà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Òjò ò jẹ́ kí oòrùn yọ. Ara ẹ̀ ò gbà á mọ́, ó kó èédú sábẹ́ àwọ̀n, ó fẹ́ ẹ títí ó fi pọ́n. Kíá, máńgòrò ti ń dún woroworo.

"Ìyàwó mi, gbọ́ ọ! Èyí gbẹ ju ẹnu ìyá ẹ lọ."

"Ìyá mi gbọ́. Ìgò wa ńkọ́?"

"Ṣé ìgò ló fẹ́ wọ ọkọ̀ ni?"

Ó dì í, ó lẹ ẹnu ọ̀rá pa, ó tò ó sí páálí. Ìyàwó ò bá a jà. Nígbà tí oòrùn yọ, ó bu èyí tó ṣẹ́kù sínú ìgò, ó gbé e síta. Ọkùnrin náà jáde wá dúró de ọkọ̀ akẹ́rù, ló bá rí omi nínú ìgò.

"Ta ló bomi sí i?"

"Máńgòrò yín ni."

"Irọ́ ni! Ìgò yẹn ni o ò nù dáadáa."

Ó da á nù, ó fi aṣọ ara ẹ̀ nu ìgò náà títí ó fi ń dán, ó fọwọ́ ara ẹ̀ kó òmíì sí i, ó dé e, ó jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. Ìgò kọ́kọ́ ṣú bí ìgbà tí èèyàn mí sí i. Ẹ̀kán omi kan yọ. Òmíì yọ. Wọ́n pàdé, wọ́n sì ṣàn wálẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ọkùnrin náà ṣí ìgò. Ó fa máńgòrò kan ya: ẹ̀yìn ẹ̀ gbẹ bí awọ bàtà, inú ẹ̀ tutù bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán. Iná ti dé e lójú pa, omi ò rọ́nà jáde.

Ọkọ̀ akẹ́rù dé. Dẹ́rẹ́bà ní, "Bàbá, páálí yín mà dáa o! Ṣé ká kó o?"

"Máa lọ," ọkùnrin náà ní. "Á ti bu kó tó débẹ̀."

Ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀rá. Oníbàárà bínú, ó ra ti ẹlòmíì. Tọkọtìyàwó tún un gé tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sá a fún oòrùn, wọ́n ń wá oníbàárà mìíì.

Ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ jókòó ti fèrèsé, ẹ̀yin ni mò ń bá wí, ẹ má wẹ̀yìn. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ dìde níwájú ìjọ, ẹ ní ẹ ti dárí ji àbúrò yín lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn. Ẹ rẹ́rìn-ín, a pàtẹ́wọ́. Àwa la fẹ́ná sí yín: ẹ tètè dárí jì í, ẹ tètè dárí jì í! Tí ò bá tíì tán nínú yín, ẹ lọ sọ fún un pé kò tíì tán. Ìyẹn ò tini lójú. Ọdún ń bọ̀, yàrá kan ṣoṣo ló wà fẹ́yin méjèèjì nílé bàbá yín. Tí wọ́n bá tilẹ̀kùn mọ́ yín, kí ló máa ṣàn lára ògiri?