Ìjàpá àti Àwọn Òṣìṣẹ́ Inú Àpáta

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yọ́ kẹ́lẹ́, ó gba ẹ̀yìn àpáta kọjá, ó lọ bá Ìjàpá ọkọ Yánníbo lẹ́nu ẹkù. Kí ló ń dáni lóhùn tí a kì í rójú rẹ̀? Ìbídùn, pa ẹnu mọ́, bó o bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Àlọ́ tòní kì í ṣe èyí tí èèyàn ń dá jókòó gbọ́.

Lọ́dún kan, àwọn ẹranko fi Ìjàpá ṣe olórí ẹkù, ìyẹn kòtò ńlá tí wọ́n ti ń tẹ ẹyìn kí epo tó jáde. Gbogbo ìlú kó ẹyìn wọn fún un. Ọba Kìnnìún là á mọ́lẹ̀: "Ìjàpá, bí a ò bá rí epo wa lọ́jọ́ ọjà, wàá kó kúrò nílùú yìí."

Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló bá níbẹ̀. Ọ̀bọ ló ń gun ọ̀pẹ, torí ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Ìgbín ló ń ré epo kúrò lójú omi, torí ojú kì í kán an. Ẹtu ló ń ṣọ́ iná. Ojo ni Ẹtu. Bí ewé bá já, ó ti fò dìde. Bí àwọn àgbà ṣe ń pín iṣẹ́ ẹkù nìyẹn: wọ́n á kọ́kọ́ wo ìwà ẹni kí wọ́n tó wo apá rẹ̀. Bí epo bá jinná, kálukú wọn a gba igbá kan.

Igbá mẹ́ta yìí ló ń dun Ìjàpá.

"Yánníbo, wo aláriwo yẹn! Wo onílọ̀ọ́ra yẹn! Wo ojo yẹn! Ká ní gbogbo wọn dà bí èmi ni!"

"Baálé mi, bí gbogbo wọn bá dà bíi yín, ta ni yóò ṣiṣẹ́?"

Ó yínmú sí i. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó lé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Ẹtu sunkún, ó ní àwọn ọmọ òun ń retí epo yẹn. Ìkà lọkùnrin yìí, mo sọ fún yín.

Lọ́sàn-án gangan, ó lọ sídìí àpáta kan tí ẹnikẹ́ni kì í bá sọ̀rọ̀. Ẹyẹ ò ké. Atẹ́gùn dúró. Oòrùn ń ta, ara òkúta náà sì tutù.

"Ta nìyẹn?" Inú òkúta ni ohùn náà ti jáde.

Ojúkòkòrò ò jẹ́ kí Ìjàpá sá. "Èmi ni, bàbá. Ẹ fún mi ní òṣìṣẹ́ tó máa ń ṣe bí mo ti ń ṣe, tí kò ní gba epo lọ́wọ́ mi."

"Bí o ti ń ṣe gẹ́lẹ́?"

"Gẹ́lẹ́, bàbá!"

"O ò ní kábàámọ̀?"

"Èmi kẹ̀?"

Àpáta là. Ìjàpá méje jáde, ẹ̀yìn págunpàgun kan náà, ìrìn wíwọ́ kan náà. Wọn kì í ṣẹ́jú. Nínú oòrùn yẹn, wọn ò ní òjìji. Áà, ẹ̀rù ń ba èmi tí mò ń sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n délé ẹkù, Ìjàpá káwọ́ sẹ́yìn. "Ó yá, ẹ bọ́ sínú kòtò!"

Àwọn méje káwọ́ sẹ́yìn. "Ó yá, ẹ bọ́ sínú kòtò!"

"Ẹ̀yin ni mò ń bá wí!"

"Ẹ̀yin ni mò ń bá wí!"

Wọ́n ń wo ara wọn, kò sẹ́ni tó mira. Nígbà tó sú Ìjàpá, ó bọ́ sínú kòtò fúnra rẹ̀. Àwọn méje bọ́ tẹ̀ lé e. Ó ń tẹ̀, wọ́n ń tẹ̀. Epo yọ, ó pupa rẹ́súrẹ́sú. Inú Ìjàpá dùn, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó lá a. Ìka méje wọ epo. Yéè! Ó sáré bu ẹ̀kúnwọ́ kan mu kí wọ́n má baà tán an. Wọ́n sáré bu ẹ̀kúnwọ́ méje. Ó ki orí bọ epo. Orí méje wọlé.

Nígbà tí wọ́n fi máa gbórí sókè, ẹrẹ̀ ló kù nínú kòtò. Ẹyìn tó wà lórí iná sì ti jóná kanlẹ̀, torí Ìjàpá mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, kò sí Ẹtu kankan.

"Mo gbé o!" ni Ìjàpá ké. "Mo gbé o!" ni àwọn méje ké. Ariwo yìí ló kó ìlú jọ.

"Ta ló jẹ epo wa?" ni Kìnnìún bú ramúramù.

Ìjàpá nawọ́ sí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Òun ni!" Àwọn méje nawọ́. "Òun ni!" Kìnnìún ò mọ èyí tí yóò mú.

Ẹtu tó ń gbọ̀n lẹ́yìn èrò ló sọ̀rọ̀. Ojú ojo kì í fo nǹkan. "Kábíyèsí, ẹ wolẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní òjìji."

Wọ́n wolẹ̀, wọ́n dá Ìjàpá mọ̀, wọ́n sì lé e jáde nílùú lójú ẹsẹ̀. Yánníbo ni wọ́n fi joyè olórí ẹkù. Ó ránṣẹ́ pe Ọ̀bọ, Ìgbín àti Ẹtu, ó dá kálukú padà sídìí ohun tí ìwà rẹ̀ lè ṣe. Nígbà ẹyìn tuntun, epo kún ìkòkò. Ẹtu gba igbá méjì.

Àwọn méje ńkọ́? Ìjàpá sá, wọ́n sá tẹ̀ lé e. Wọ́n dé ìdí àpáta, wọ́n wọlé, òkúta pa dé. Ìjàpá tó fẹ́ bá wọn wọlé forí gbá a.

"Ẹ dá epo mi padà!"

"Ẹ dá epo mi padà!" ni wọ́n wí nínú lọ́hùn-ún.

Ìdí nìyẹn tí àpáta fi ń sọ ohun tí a bá sọ fún un títí dòní. Àwọn méje ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń retí ọ̀gá mìíràn tó fẹ́ kí gbogbo èèyàn dà bí òun.

Ibi tí àlọ́ mi gúnlẹ̀ sí rèé. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí àpáta gba ohùn lẹ́nu mi.