Ìwo tí Àmọ̀pé Ń Wá Kiri

Nígbà láéláé, nígbà tí ìwo ewúrẹ́ ṣì ṣeé bọ́ sílẹ̀ bí ẹni bọ́ fìlà, kò sí ewúrẹ́ tí kò ní ìwo tirẹ̀. Ọmọ tí wọn kò tíì já lẹ́nu ọmú nìkan ni wọn kì í dé ìwo fún.

Àwọn ewúrẹ́ ní àṣà kan nígbà náà. Ẹnikẹ́ni kì í dé ìwo wọ ilé ọ̀fọ̀. Ìdí ògiri, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ni wọ́n ń bọ́ ọ sí. Àwọn àgbà wọn a máa wí pé, “Ikú ti kan àwọn onílé. Ẹ má tún gbé ìwo kò wọ́n lójú.”

Ní ọjọ́ kan, Ládùn kú. Òun àti Àmọ̀pé, àbúrò rẹ̀, ni wọ́n jọ ń gbé. Wọ́n jọ ń jẹko ni, wọ́n sì jọ ń sùn ti ara wọn bí òtútù bá mú.

Nígbà tí Ládùn lọ, gbogbo nǹkan dàrú mọ́ Àmọ̀pé lójú. A já ewé sẹ́nu, a gbàgbé láti jẹ ẹ́. A dìde lówùúrọ̀, a pe, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ,” a sì dúró, a máa retí ìdáhùn.

Wọ́n sin Ládùn, wọ́n sì kó ìwo rẹ̀ fún Àmọ̀pé. Kò sí ohun mìíràn tí ó kù fún un. Ìwo náà kò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, àfi àpá kékeré kan ní ìdí ti ọ̀tún, níbi tí Ládùn ti fi gbá odó lọ́jọ́ tí ó ń jí èèpo iṣu jẹ. Àmọ̀pé gbé ìwo yìí sẹ́nu, kò fẹ́ gbé e sílẹ̀.

Àwọn ará àdúgbò wá kí i. Wọ́n bọ́ ìwo wọn sídìí ògiri. Àmọ̀pé náà jáde pàdé wọn, ó bọ́ tirẹ̀ síbẹ̀.

“Àmọ̀pé, o kú ará fẹ́ra kù o,” ni Ìyá Abíọ́nà wí, ewúrẹ́ sísanra kan tí ó bí ọmọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ta ló lè fi ẹnu kíkún dá àgbà lóhùn? Àmọ̀pé gbé ìwo Ládùn sílẹ̀ láàrin ti àwọn yòókù. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun gbé e síbẹ̀.

“Ẹ ṣeun, ìyá. Ó ti jẹun,” ni ó dáhùn.

“Ta ló jẹun?”

“Fi í sílẹ̀,” ni Bàbá Onírùngbọ̀n, òbúkọ àgbà, sọ. “Ọkàn rẹ̀ kò sí níbí.”

Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni òjò ti ṣú. Ẹ kúkú mọ ewúrẹ́ àti òjò. Bí ẹ̀kán àkọ́kọ́ ti kán sí Bàbá Onírùngbọ̀n nímú, gbogbo wọn rọ́ lọ sídìí ògiri.

“Tèmi rèé!”

“Irọ́ ni, tìrẹ kúrú!”

“Bàbá, ìwo ìyàwó yín lẹ dé sórí yẹn!”

“Òjò ni kí o bá wí!”

Àwọn ọmọ ẹnu ọmú pàápàá bẹ́ sáàrin wọn, wọ́n mú èyí tí ọwọ́ wọn bà. Ẹlòmíràn dé gígùn sí ọ̀tún, ó dé kúkúrú sí òsì, ó sá lọ.

Àmọ̀pé kò sáré. Ó dúró nínú òjò, ó ń ronú ohun tí òun fẹ́ ṣe. Nígbà tí ó rántí, tí ó dé ìdí ògiri, ilẹ̀ lásán ló bá. Kò rí ti Ládùn, kò rí tirẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni òjò náà fi rọ̀. Awọ orí gbogbo wọn rin gbingbin. Nígbà tí oòrùn ràn, awọ náà gbẹ, ó sì fún mọ́ ìdí ìwo.

Àmọ̀pé wá bá wọn. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ìwo yín kí n wò ó. Ti ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. Àpá wà ní ìdí rẹ̀.”

Wọ́n fà á, kò yọ. Bàbá Onírùngbọ̀n ki ìwo bọ àlàfo igi, ó fà á títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ìdí rẹ̀ ti wọnú awọ lọ, ọmọ mi,” ni ó wí.

“Orí ta ló wá wà?”

Awọ ti bo àpá náà. Ta ló lè rí orí ara rẹ̀?

“Ó lè jẹ́ èmi,” ni Ìyá Abíọ́nà sọ nígbẹ̀yìn. “Ǹ bá fún ọ, ṣùgbọ́n kò ṣeé yọ.”

Nígbà náà ni Bàbá Onírùngbọ̀n tẹ orí rẹ̀ ba. “Fi orí rẹ kàn án wò, bóyá o ó mọ̀ ọ́n.”

Àmọ̀pé fi iwájú orí rẹ̀ lásán ti ìdí ìwo náà. Ó pẹ́ níbẹ̀.

“Bóyá òun ni,” ni ó wí. “N kò mọ̀.”

Ó sì kọjá sọ́dọ̀ ẹni tí ó tẹ̀ lé e.

Láti ọjọ́ náà ni ìwo kò ti ṣeé bọ́ mọ́ lórí ewúrẹ́. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń rí àwọn ọmọ Àmọ̀pé, olórí rìbìtì tí kò ní ìwo, láàrin àwọn oníwo. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn tí ó rọra fi iwájú orí ti ìdí ìwo ẹlòmíràn, tí oníwo náà sì dúró jẹ́ẹ́ fún un, ẹ má là wọ́n. Ìjà kọ́.