Òkété Sọ Oko Ọ̀pẹ Rẹ̀ Di Ojú Oórì

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn, ẹ jẹ́ n gbóhùn yín jàre. Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi já wìì, kò já sílé onílé, kò já sọ́jà, àfi orí ilẹ̀ Òkété. Ọ̀rọ̀ Òkété yìí ti sú mi, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko dá ilé ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn. Lékèélékèé ni tíṣà. Ohun tí ilẹ̀ kálukú bá mú wá ni wọ́n fi ń bọ́ ọ. Ẹni tó bá ní oko yóò gbé iṣu àti epo wá nígbà ìkórè. Ẹni tó bá ní ìsọ̀ lọ́jà yóò mú iyọ̀ àti ẹja wá. Ẹni tó kàn kọ́lé gbé, koríko tí wọ́n fi ń bo òrùlé ilé ìwé ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n bá sin òkú sí kì í mú ohunkóhun wá. Ta ló máa gba nǹkan lọ́wọ́ òkú?

Oko ọ̀pẹ Òkété ló tóbi jù nílùú. Òun fúnra rẹ̀ ló ra ilẹ̀ náà. Epo rẹ̀ nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bọ́ tíṣà. Ṣé ẹ rò pé inú rẹ̀ dùn sí i? Rárá o! Ọdọọdún ló ń kùn.

Lọ́jọ́ kan, ó kó erùpẹ̀ jọ sáàárín oko, ó mọ ọ́n gbọọrọ, ó fi aṣọ funfun bò ó. Ó wá sunkún lọ bá Ẹfọ̀n, Baálẹ̀ ìlú.

"Baálẹ̀ o! Mo rí ojú oórì bàbá bàbá mi nínú oko mi! Gbogbo oko náà ti di itẹ́ òkú!"

"Gbogbo oko pátá? Báwo ni bàbá náà ṣe gùn tó?"

"Wọ́n fẹ́ràn ibi tó láyè ni, Baálẹ̀."

Baálẹ̀ ní kó búra. Òkété gbẹ́sẹ̀ lé òkìtì, ó búra níṣojú gbogbo ìlú. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Wọ́n fi í sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti wà lórí ọ̀pẹ, ó ń kọ ẹyìn!

Ehoro tí ọ̀gbà ilá rẹ̀ kò fẹ̀ ju ẹní lọ, òun ni wọ́n ní kó mú ìlọ́po méjì wá láti dí àlàfo Òkété.

"Níbo ni kí n ti rí i?" Ehoro béèrè. "Ṣé kí n hu ilá lórí ni?"

Oúnjẹ tán nílé ìwé. Lékèélékèé pe àwọn ọmọ jọ. "Ẹ máa ṣe dáadáa o. Ebi ò jẹ́ kí n lè kọ́ yín mọ́." Àwọn ọmọ ń sunkún, ó fò lọ.

Lọ́nà, ó dé ìlú àwọn ẹbí Òkété. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, ó yà kí wọn.

"Ẹ kú ìrọ́jú bàbá yín o. Wọ́n ti rí ojú oórì wọn nínú oko ọ̀pẹ Òkété."

Ẹ̀gbọ́n bàbá Òkété fò sókè. "Bàbá wa tó jáde lọ tí a ò rí mọ́! Ọpẹ́ o!"

Ní ọjọ́ kẹta, ọgọ́ta òkété wọ inú oko, tọkọ́ tẹní.

"Ibi tí wọ́n sin bàbá wa sí, ilẹ̀ ẹbí ni. A wá pín in."

Òkété figbe ta. "Irọ́ ni mo pa! Erùpẹ̀ lásán ni! Ẹ wú u, kẹ́ ẹ wò ó!"

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ na ọ̀pá sí i. "Ṣé torí ilẹ̀ lo ṣe fẹ́ sẹ́ bàbá wa? Ṣé ìwọ kọ́ lo búra ni?"

Òkété bojú wo Baálẹ̀ tí ariwo ti gbé wá síbẹ̀. Baálẹ̀ ń wo ojú ọ̀run.

Wọ́n pín ilẹ̀, ó di oko padà. Kálukú ń gbé epo tirẹ̀ lọ sílé ìwé, Lékèélékèé sì padà wá. Ehoro padà sí ìwọ̀n tirẹ̀. Òkété ńkọ́? "Ìwọ lo mọ ojú oórì bàbá jù wá lọ," ni ẹbí wí. "Máa tọ́jú rẹ̀." Òkìtì yẹn nìkan ni ìpín rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gbin nǹkan kan síbẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá fi irọ́ yọ ilẹ̀ tirẹ̀ kúrò nínú ohun tó ń bọ́ ilé ìwé, orí aládùúgbò tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré ló ń gbé ẹrù náà lé. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, mo mọ àwọn tí mò ń bá wí. Àwọn ọmọ yín náà ti mọ̀ yín báyìí.